Ìjọba, Ọdẹ àti Owó Ìbọn

Iṣẹ́ tí a yàn fún mi ni pé kí n fi ìtàn ṣe ìpìlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí èmi àti àwọn àgbà tí a jọ jókòó yìí fẹ́ jíròrò lé lórí, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ nípa bí ìjọba ṣe ń gba ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú. Nígbà mìíràn, ìjọba a máa fi owó gba ìbọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa fi àṣẹ gbà á. Ìbéèrè tí n ó máa tẹ̀ lé nínú ìtàn náà kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni a ń sanwó fún, ta sì ni a ń pàṣẹ fún? Ọ̀fà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọdún 2018 tí ó mú kí ìbéèrè náà ṣòro láti yẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà.

Èkíní nìyí. Ní ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 2018, Ibrahim Idris, ẹni tí í ṣe ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà nígbà náà, pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n gba gbogbo ìbọn tí òfin kò fi àyè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní in, ìbáà ṣe ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ẹgbẹ́, ìbáà ṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò. Ọjọ́ 21 ni ó kọ́kọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni a tún fi àkókò kún un. Àṣẹ náà kò ṣẹ̀yìn ẹkún. Ní ọjọ́ kìíní ọdún náà ni àwọn agbébọn ya wọ àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Bénúè, ènìyàn 73 ni a sì sin pọ̀ ní Makurdi ní ọjọ́ 11, oṣù kan náà. Kò sí ìjọba tí ó lè ká ọwọ́ gbera lẹ́yìn irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ owó kankan nínú àṣẹ náà. Kí a mú ìbọn wá ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí òfin mú ẹni tí ó ni ín.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún náà. Àwọn adigunjalè wọ Ọ̀fà. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹnikẹ́ni má baà lè dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ja báǹkì márùn-ún lólè. Ènìyàn 33 ni ó kú, ọlọ́pàá sì ni 9 nínú wọn. Ìbọn AK-47 ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ibi náà, wọ́n sì tún kó ìbọn àwọn ọlọ́pàá lọ. Ẹni tí àwọn ọlọ́pàá sọ pé ó jẹ́ olórí wọn jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí tí a ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kú sí àtìmọ́lé kí ẹjọ́ tó parí. Ó di oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, kí ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ Kwara ní Ìlọrin tó dá ẹjọ́ ikú fún márùn-ún nínú àwọn tí a fi ẹ̀sùn náà kàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé àṣẹ oṣù kejì ni ó fa ìpakúpa oṣù kẹrin. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé bí àwọn ọdẹ Ọ̀fà bá gbé ṣakabùlà wọn jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn ì bá lè dá AK-47 dúró. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí i bí a ṣe ń ki ṣakabùlà. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ọwọ́ ará ìlú ni àṣẹ náà ń wò, ṣùgbọ́n ìbọn tí ó fi Ọ̀fà sínú ọ̀fọ̀ kì í ṣe ìbọn tí ọdẹ gbé kọ́ sára ògiri. Díẹ̀ nínú ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ olè nígbà tí wọ́n ń jáde ní ìlú, ọwọ́ ìjọba ni ó ti bọ́. Nígbà tí ọ̀ràn bá rí báyìí, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn láti wo bí ìbọn ṣe di ti ọdẹ, àti ojú tí ìjọba fi ń wò ó láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìbọn kì í ṣe àlejò ní Ọ̀fà. Ní àkókò tí ogun Kírìjí ń lọ lọ́wọ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, láti ọdún 1877 títí di 1893, Ọ̀fà wà lójú ìjà tirẹ̀. Ìhà ti Ìbàdàn ni Ọ̀fà wà, èyí sì bí Ìlọrin nínú. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin tí Kárárá ń ṣe balógun fún dó ti ìlú náà fún ìgbà pípẹ́, títí ó fi fọ́, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Ariwo ìbọn ni ó fún ogun Kírìjí ní orúkọ tí a fi ń pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oríṣi ìbọn kan ṣoṣo ni ó ń dún níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ń gbé ní Èkó bá àwọn ará ilé wọn wá ìbọn ìgbàlódé, èyí tí a ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí, tí ó ń yára yìn, tí ọta rẹ̀ sì ń rìn jìnnà ju ti àtijọ́ lọ. Èyí ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ tí ọwọ́ Ìbàdàn kò fi tẹ̀ wọ́n. Ní ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń ya ìbọn ọdẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn ọmọ ogun. Bí ogun bá dé, ọdẹ ni ó ń ṣáájú. Bí ogun bá tán, jagunjagun a padà sí oko àti igbó rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn kan náà.

Àwọn Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìwé ni wọ́n sì fi yà á. Ní ọjọ́ 2, oṣù keje, ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn mìíràn tí ó bá wọn pé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní ìlú Brussels. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òpin sí. Ara ohun tí wọ́n sì fẹnu kò sí ni pé kí ìbọn ìgbàlódé má ṣe wọ apá tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ìbọn tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ni èyí tí òkúta ń ta iná sí ẹ̀tù rẹ̀, tí inú àgbá rẹ̀ sì ń dán láìní ìlà, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán tí a ń tà lọ́jà. Àwọn kan nínú wa máa ń fi ọdẹ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú rẹ̀ kò là, òun ni ó ń gbé ìbọn ayé àtijọ́ kiri nígbà tí ayé ti kọjá ibẹ̀. Ní tèmi, mo gbà pé ìwé Brussels yẹn jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ju ọdẹ lọ. Òfin ni ó dá ọdẹ dúró sí ìdí ṣakabùlà. Ìbọn tuntun di ti sójà ìjọba, ti àtijọ́ di ti ará ìlú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company sì kọlu Ìlọrin ní oṣù kejì, ọdún 1897, ìbọn Maxim ni wọ́n fi ko ẹṣin àti ọfà lójú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ṣakabùlà yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń wò wá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ilẹ̀ àwọn ará Denmark pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń tà á ní etí òkun wa. Ẹnu rẹ̀ ni a ń gbà ki í. Ọdẹ a da ẹ̀tù sí i, a fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, a ki ọta tàbí ẹ̀rún irin tẹ̀ lé e, a tún gún un, kí ó tó wá fi ìwọ̀nba ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí iná yóò ti ràn. Bí ó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó di kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, igi lásán ni ó gbé dání. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n rọ, wọ́n sì ń fi àwókù irin tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n bí a bá kà á sí irin àti igi nìkan, a kò tíì mọ ohun tí ìjọba ń bèèrè nígbà tí ó bá ní kí ọdẹ gbé e wá. Ohun tí a fi ń júbà Ògún ni. Ọmọ a máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa yìnbọn, wọ́n a máa sun ìrèmọ̀jé, wọ́n a sì ṣe ìṣípà fún un kí ó má baà tún máa bá wọn ṣọdẹ ní ipò òkú. Ìbọn tí ọkùnrin náà fi ṣọ́ ìlú lálẹ́, tí ó fi lé ẹranko kúrò nínú oko àgbàdo àti iṣu, òun ni ọmọ rẹ̀ yóò gbé kọ́ èjìká ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á sí ẹgbẹ́. Ta ni yóò dá iye owó lé èyí? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ akéwì létí àwọn amòfin, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ nínú òfin pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i báyìí.

Òfin ìbọn tí a ń lò títí di òní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, nígbà tí òmìnira kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn tí a kà léèwọ̀: ìbọn ńláńlá, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn sójà àti ìbọn ìléwọ́, kò sí ẹni tí ó lè ní irú wọn àfi bí olórí orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ìbọn tí ènìyàn lè ní fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìbọn ọdẹ ti Òyìnbó tí kì í fi ẹ̀rọ ki ara rẹ̀; ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ó ni àṣẹ lórí èyí. Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí a ń gba ẹnu ki, èyíinì ni ṣakabùlà, tí ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, òfin kò sọ pé kí ọdẹ má ní ìbọn. Ó sọ pé kí ó gba ìwé, kí ó sì máa sọ ìwé náà di ọ̀tun. Ẹni tí ó bá fún ni ní ìwé lè gbà á padà, ìwé náà kì í sì í ṣe ogún. Bàbá kú, ìbọn wà lára ògiri, ọmọ jogún ìbọn, ṣùgbọ́n kò jogún ìwé. Láti ọjọ́ náà lọ, bí kò bá gba ìwé tirẹ̀, arúfin ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé ìbọn náà kúrò níbi tí bàbá rẹ̀ gbé e kọ́ sí.

Ìyà tí ó so mọ́ èyí kò kéré. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní, ọdún 1970, ìbọn pọ̀ nílùú, ìgárá ọlọ́ṣà sì gbòde. Ìjọba Gowon gbé òfin 47 ti ọdún náà jáde lórí ìdigunjalè àti ìbọn. Ní ọdún 1971 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní etí òkun Èkó. Òfin ìjọba ológun ti ọdún 1984 tí ó rọ́pò rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá ní ìbọn láìgba àṣẹ yóò san ₦20,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí kí ó jìyà méjèèjì pọ̀. Adigunjalè ni òfin náà ń lé, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń túmọ̀ ohun tí í ṣe ìbọn, ó dárúkọ ìbọn olókùúta mọ́ ìbọn yòókù. Àgbẹ̀ tí ìwé rẹ̀ ti tán àti ìgárá tí ó gé ẹnu ìbọn kúrú láti fi jalè wá bá ara wọn lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ó tọ́ kí a sọ pé ìjọba ní ìdí tí ó fi ń fura sí ṣakabùlà. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní agbègbè Ìbàdàn àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká nítorí owó-orí, ìbọn ọdẹ sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ohun tí a fi parí ìjà náà ni pé a dín owó-orí kù sí pọ́n-ùn 2. Nǹkan tí ó ń dun àgbẹ̀ ni a wá àtúnṣe sí, àgbẹ̀ sì padà sí oko.

Bí a bá kúrò ní ti àṣẹ, tí a bọ́ sí ti owó, ojú ìtàn yí padà pátápátá. Ní ọdún 2004, nígbà tí ìjà àwọn ẹgbẹ́ agbébọn mì ìpínlẹ̀ Rivers tìtì, Ààrẹ Ọbásanjọ́ pe àwọn olórí wọn, Asari Dokubo àti Ateke Tom, sí Abuja. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà láti jáwọ́ nínú ìjà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìbọn padà, ₦250,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ìbọn ńlá. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ pé àwọn ògbólógbòó ìbọn ni wọ́n kó wá, tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ wá tuntun. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹfà, ọdún 2009, Ààrẹ Yar'Adua kéde ìdáríjì fún gbogbo àwọn agbébọn Niger Delta, ó sì fún wọn láti ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, títí di ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, láti mú ohun ìjà wá. Àwọn tí ó fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 20,000. Ìbọn tí a gbà lọ́wọ́ wọn kò pé 3,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ₦65,000 lóṣooṣù. Ẹ fi èyí wé owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ, tí ó di ₦18,000 ní ọdún 2011. Mo gbà pé epo rọ̀bì padà ń ṣàn, ẹ̀mí sì sinmi díẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìdáríjì náà kò wúlò rárá kò sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní Ọ̀fà tàbí ní Yenagoa lè ka ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìṣirò náà láìsí pé ẹnì kan là á yé e.

Ní oṣù keje, ọdún 2020, Gómìnà Bello Matawalle ti ìpínlẹ̀ Zamfara ní òun yóò fún agbébọn tí ó bá ronú pìwà dà ní màlúù méjì fún AK-47 kan. Ó ní òun kò fẹ́ fún wọn lówó kí wọ́n má baà fi ra ìbọn mìíràn. Bí ẹni pé a kì í ta màlúù!

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀ràn yìí ti dojú rú. Ní Liberia, láti ìparí ọdún 2003 wọ 2004, owó dọ́là 300 ni wọ́n ń fún ẹni tí ó bá jáde kúrò nínú ogun. Àwọn tí ó wá gba owó lé ní 100,000. Ìbọn tí a kó jọ kò ju nǹkan bí 28,000 lọ. Níbi tí owó bá wà, tí kò sí ìwé tí ó sọ ẹni tí ó ni ìbọn, orúkọ ènìyàn a máa pọ̀ ju ìbọn lọ.

Níbi tí ìwé wà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí òkèèrè kí a tó padà sílé. Ní ọdún 1996, ọkùnrin kan pa ènìyàn 35 ní Port Arthur ní ilẹ̀ Australia. Ní ọdún kan náà, òmíràn pa ọmọ ilé-ìwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní ilẹ̀ Scotland. Ìjọba méjèèjì ṣòfin pé irú àwọn ìbọn kan kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ará ìlú mọ́, ìbáà jẹ́ pé ó ti gba ìwé sí i. Inú àwọn tí wọ́n ní ìbọn lábẹ́ òfin kò dùn. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ni a fi ń jẹ gbogbo àwọn níyà. Nígbà tí John Howard, olórí ìjọba Australia, lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìlú Sale, ó wọ aṣọ tí ọta kì í wọ̀ sábẹ́ kóòtù rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ni ìjọba fi gba ìbọn náà. Wọ́n fi ìdá díẹ̀ kún owó-orí gbogbo ènìyàn fún ọdún kan, wọ́n sì ra nǹkan bí 650,000 ìbọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 162,000 ìbọn ìléwọ́ ni a mú wá, a sì san owó wọn. Ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé ni pé ohun tí òfin gbà kí o ní ní àná, bí òfin bá fẹ́ gbà á lónìí, gbogbo ìlú ni yóò jọ san owó rẹ̀, nítorí pé ìlú ni ó fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ náà.

Ní tiwa, ìlànà yìí yí orí kodò. Ẹni tí ó dojú ìbọn kọ ìjọba ni a dúnàádúrà pẹ̀lú. Ẹni tí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ni a rán àṣẹ sí. Àṣẹ ọdún 2018, bí a bá kà á dáadáa, ìbọn tí kò bófin mu ni ó dárúkọ, kì í ṣe ti ẹni tí ó ní ìwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ìwé kì í bá ṣe ogún, tí ó sì gbọ́dọ̀ máa di ọ̀tun, mélòó nínú àwọn ọdẹ ìgbèríko ni ìwé rẹ̀ pé lónìí? Ẹni tí ìwé rẹ̀ tán ní ọdún tí ó kọjá àti ẹni tí ó ra ìbọn lọ́wọ́ afàyàwọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú àṣẹ. Ohun tí ọdẹ sì ń kọ́ nínú èyí burú fún ìjọba fúnra rẹ̀: ó kọ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni a mọ ilé rẹ̀. Nítorí náà, kì í lọ mọ́. Ìbọn a wọ inú àjà lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, ó dára, kí ìjọba ra ṣakabùlà náà lọ́wọ́ ọdẹ gẹ́gẹ́ bí Australia ti ṣe. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó ronú kan alágbẹ̀dẹ. Australia kì í rọ irú ìbọn tí ó rà. Òkèèrè ni ó ti ń wọlé, ẹnu ibodè ni a sì ti lè dí i. Ṣakabùlà ń jáde láti ẹnu ewìrì nínú ìlú. Bí iye owó tí ìjọba ń san bá ju iye tí alágbẹ̀dẹ ń gbà lọ, ewìrì kò ní sinmi tọ̀sán-tòru, ìjọba yóò sì máa ra ohun tí a rọ nítorí rẹ̀. Bí ó bá sì kéré sí i, ọdẹ kò ní mú èyí tí ó dára wá. Òkú ìbọn tí kò lè yìn mọ́ ni yóò gbé wá. Nítorí náà, n kò rí owó rírà gẹ́gẹ́ bí oògùn gbogboǹṣe fún irú ìbọn yìí. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo rò pé ó yẹ kí a mú ṣáájú: ìwé tí ọmọ ọdẹ lè rí gbà nítòsí ilé, pẹ̀lú àkókò tí ó tó lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, láìsí ẹ̀rù pé wọ́n yóò tì í mọ́lé nígbà tí ó bá gbé ìbọn ogún wá fi hàn.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń rú mi lójú. Láti bí ọdún mélòó kan tí àwọn ajínigbé ti ń yọ àwọn ìgbèríko Kwara àti ilẹ̀ Yorùbá lẹ́nu, ọdẹ ni a ń pè kí wọ́n bá ọlọ́pàá wọ igbó. Ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn ọdẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kwara kò sí lára wọn, nítorí pé òun wà ní àríwá gẹ́gẹ́ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe pín wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdẹ Ọ̀fà àti ọdẹ Ìkìrun lè pàdé nínú igbó kan náà. Ìbọn tí a sọ pé kí ó gbé wá sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọdún kan ni a ń sọ pé kí ó gbé tẹ̀ lé ọlọ́pàá ní ọdún kejì. Ọdẹ kò bèèrè ₦65,000, kò sì bèèrè màlúù.

Ẹ̀yin àgbà tí a jọ jókòó, n ó dá ọ̀rọ̀ tèmi dúró síbí kí a lè gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a fi ọ̀nà kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọ̀fà, tí bàbá rẹ̀ tí í ṣe ọdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí wọ́n sì ti ṣe ìṣípà tán, gbé ṣakabùlà bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ó gbé e gba ojú pópó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé e lé orí tábìlì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo wá gba ìwé sí ìbọn yìí ni.” Ẹni tí ó wà lẹ́yìn tábìlì yẹn, kí ni yóò ṣe fún un?